Sọ Ọ́ ní Yorùbá Ná

Gbólóhùn mẹ́ta péré ni mo kọ sójú pátákó lálẹ́ ọjọ́ náà:

“The old ferryman had hardly tied his boat when the rain began. The traders, who had refused to pay him that morning, now begged him to take them across. He looked at the river and shook his head.”

Àwọn mọ́kànlá ló wà níwájú mi nínú yàrá kan tí a háyà n'Ìbàdàn. Ìdánwò GCE ni wọ́n ń múra sílẹ̀ fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti ibi iṣẹ́ òòjọ́ wọn wá láì tíì délé. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí atukọ̀ arúgbó náà fi mi orí. Onídìrí kan tó máa ń jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú ló kọ́kọ́ nawọ́.

“Sà, torí pé wọn ò sanwó fún un láàárọ̀ ni.”

“Ibo lo ti rí i kà?”

Ó wo pátákó. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. “Wọ́n ṣáà ní wọ́n kọ̀ láti sanwó.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ kí ló wò kó tó mi orí?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Odò ni, sà.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Odò ló ń bà á lẹ́rù.”

Ohun tó kọ́kọ́ sọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè. Ẹni tó gbọ́n nínú ayé ló lè sọ ọ́, torí ẹni tó rẹ́ni jẹ láàárọ̀, ta ni í yára ràn án lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́? Àmọ́ inú ara rẹ̀ ló ti mú un jáde, kò sí lójú pátákó. Ọ̀dọ́kùnrin kan lẹ́yìn ní “hardly” túmọ̀ sí pé atukọ̀ náà fi agbára so ọkọ̀ rẹ̀, nítorí pé “hard” wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹlòmíràn ní kò so ó rárá. Mo ní kí wọ́n pa Gẹ̀ẹ́sì tì fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sọ ìtàn náà fún mi bí ẹni ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ nílé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Onídìrí yẹn náà ló sọ ọ́: “Bí bàbá yẹn ṣe so ọkọ̀ rẹ̀ tán báyìí ni òjò bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣòwò tó ti kọ̀ láti sanwó fún un láàárọ̀ wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé àwọn kọjá. Ó wo odò, ó mi orí.” Nígbà tó pe “báyìí ni” yẹn, “hardly” yé gbogbo yàrá. Ẹnikẹ́ni kò tún béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mi mọ́.

Bí mo ṣe ń bá àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nìyẹn: ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá ná. Ohun tí ẹ kò bá lè sọ ní Yorùbá lẹ́yìn tí ẹ kà á tán, kò tíì yé yín, kódà bí ẹ bá kà á sókè ketekete láìkọsẹ̀.

Àwọn ìwé ìdánrawò tó wà lọ́jà máa ń pín Gẹ̀ẹ́sì sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Gírámà wà níhìn-ín, ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ wà lọ́hùn-ún, àkàyé wà lẹ́yìn ìwé. Tíṣà náà á sì pín ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú gbólóhùn mẹ́ta tí mo kọ yẹn, inú yàrá kan náà ni gbogbo wọn jókòó sí. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tí “had” ń ṣe níwájú “refused” kò ní mọ̀ pé kíkọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ kí òjò tó dé. Ẹni tí kò mọ “hardly” yóò ṣi ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn gbọ́. Ẹni tí kò wá ẹni tí “He” ń tọ́ka sí kò ní mọ ẹni tó mi orí. Mo ti rí ọmọ tó gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lórí ìdánrawò gírámà, tí àkàyé sì fọ́ mọ́ ọn lójú lọ́jọ́ kejì, torí pé kò rí i pé gírámà tó kọ́ lánàá ló ń bá pàdé nínú ìtàn lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Láìsí kírédíìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣòro kí ọmọ wọ yunifásítì ní Nàìjíríà, ì báà mọ ìṣirò bí ojú. Nínú ìbéèrè 180 tí JAMB ń bi ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì nìkan kó 60.

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì á san owó ìtanràn, wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé àwọn aláriwo. Wọ́n rò pé ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì yóò fi yá lẹ́nu wa nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a di ẹni tí kì í béèrè ìbéèrè. Ohun tí kò bá yé mi, mo mọ bí mo ṣe lè béèrè rẹ̀ ní Yorùbá, n kò mọ̀ ọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì dákẹ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ẹni tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú láàárín wa kò tọ ọ̀nà yẹn. Ọmọ Òṣoògùn ni Samuel Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó ìlú rẹ̀ tí wọ́n sì mú un lẹ́rú. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì gúnlẹ̀ sí Freetown ní Sàró. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé. Ní 1843, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ jáde: apá kan lọ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, apá kejì lọ láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, àlàyé gírámà Yorùbá sì wà níwájú méjèèjì. Ó tẹ́ èdè méjèèjì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ń wo bí wọ́n ṣe jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Iṣẹ́ tí mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, ní ìwọ̀n tirẹ̀, nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú gírámà, níbi tí èdè ìyá wa ti ń fà wá sẹ́yìn láìjẹ́ pé a mọ̀. Yorùbá ní “ó” kan. Ó wà fún ọkùnrin, ó wà fún obìnrin, ó wà fún ewúrẹ́ àti àga. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí mẹ́ta. Nítorí náà, ọmọ tó mọ̀ dáadáa pé obìnrin ni ẹ̀gbọ́n òun á tún wí pé, “My sister said he is coming.” “Wọ́n” tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà tún dé: “My father, they are sleeping.” Ìwà ọmọlúàbí ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń máàkì ìwé ìdánwò yóò rò pé bàbá méjì ló ní. Ìdánrawò tí mo fi ń wo èyí sàn ni pé kí ọmọ mú ìpínrọ̀ kan nínú ìwé ìtàn Yorùbá, kó kọ orúkọ ẹni tí “ó”, “rẹ̀” àti “wọ́n” kọ̀ọ̀kan dúró fún sókè wọn, kó tó wá sọ ìpínrọ̀ náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Á rí i pé òun ti ń mọ ìyàtọ̀ náà látọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ ni kò sí láti fi ìyàtọ̀ ọ̀hún hàn.

Àsìkò ló le jù. Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í pààrọ̀ aṣọ. “Lọ” ni àná, “lọ” ni òní, “lọ” ni ọ̀la. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń lọ níwájú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́: ń, ti, máa, yóò. Bí ìkankan kò bá sì sí níwájú rẹ̀, “mo lọ” á jẹ́ ti àná, “mo mọ̀” á jẹ́ ti ìsinsìnyí. Àwọn onímọ̀ gírámà wa ń pe àsìkò yìí ní afànámónìí, torí ó fa àná mọ́ òní. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi tiwa, àmọ́ ó tún ń pààrọ̀ aṣọ ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé “went” ni ti àná á wá sọ pé “I did not went”, torí ó fẹ́ kí àná hàn dáadáa.

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ rèé. Ẹrù kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ṣíwájú ló máa rù ú. Bí “go” bá dá wà, òun ni yóò ru àná, yóò di “went”. Bí “do” bá ṣíwájú rẹ̀, “do” ló ru ẹrù, ó di “did”, “go” sì ń rìn lọ́wọ́ òfo: “did not go”. Òfin kan náà ló wà fún “s” tó máa ń yọ wá lẹ́nu. “She goes”: “go” ló rù ú. “Does she go?”: “do” ti gbé e lọ, ẹ má tún fi “s” kankan sára “go”. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀ pé òfin kan ni àṣìṣe méjèèjì ń rú, ìdajì ẹ̀rù gírámà kúrò lára wọn.

Àmọ́ mímọ òfin kò tó. Ẹnu ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan lálẹ́ kan ni mo máa ń fún wọn, mo sì máa ń ní kí wọ́n mú un láti inú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Onídìrí wa mú “plait”. Ó ń sọ ọ́ sókè bó ṣe ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́: “She plaits hair. She does not plait hair. Does she plait hair? She plaited hair. She did not plait hair. Did she plait hair?” Gbólóhùn mẹ́fà ni, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó sọ fún mi pé àwọn oníbàárà òun ti ń bá òun kà á.

Ní ti ọ̀pọ̀, “ilé mẹ́ta” ti tó fún wa, mẹ́ta ti sọ ohun gbogbo. Gẹ̀ẹ́sì ní dandan kí “house” náà gba “s”. Nígbà tí ọmọ bá wá mọ èyí, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi “s” síbi tí kò yẹ: “informations”, “furnitures”, “equipments”. Ẹ má bá a wí púpọ̀. Ìròyìn mẹ́ta ṣe é kà ní Yorùbá, àga àti tábìlì náà ṣe é kà. Àfi kó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ka àwọn wọ̀nyí sí ohun tí kò ṣe é kà, bíi omi àti iyọ̀.

Àwọn gbólóhùn kan wà tí kò sí àṣìṣe gírámà nínú wọn, síbẹ̀ tí àlejò kò ní gbọ́ wọn bí a ṣe sọ wọ́n. Ẹni tó ń jáde lọ ló ń sọ “I am coming”, torí “mo ń bọ̀” ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ló ń sọ “sorry” fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, nítorí pé “pẹ̀lẹ́” ló fẹ́ sọ. A ń “hear” òórùn, torí a ń gbọ́ ọ. Láàárín ara wa, n kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Amos Tutùọlá fi Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá wà nídìí rẹ̀ kọ The Palm-Wine Drinkard, ìwé náà jáde ní London ní 1952, àwọn èèyàn sì ń kà á káàkiri ayé. Kí ọmọ sáà ti mọ ìgbà tó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó sọ ọ́ lọ́nà mìíràn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀. Ibí ni mo ti máa ń rí ìyà tí kò nídìí. Ọmọ kan mú ìwé alábala ọgọ́rin wá bá mi, ó ti kọ ọ̀rọ̀ gígùngígùn kún un, ìtumọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan wà níwájú rẹ̀. Mo bi í ní “unless”. Kò mọ̀ ọ́n. “Although” ńkọ́? “Seldom” ńkọ́? Kò dá a lójú. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ló ń yí àyọkà sọ́tùn-ún sósì. Ní 1953, Michael West tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nǹkan bí 2,000 jáde fún àwọn tó ń kọ́ èdè náà, àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ohun tí èèyàn ń kà. Ẹni tó bá mọ irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, tó mọ gbogbo ìtumọ̀ tí wọ́n ní, ti ṣe iṣẹ́ ju ẹni tó há ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ gàgàrà sórí lọ.

Ọ̀rọ̀ kì í dá rìn, ó lẹ́gbẹ́. Ẹ wo “ṣe”. A ṣe àṣìṣe, a ṣe iṣẹ́, a ṣe ìdánwò. “Ṣe” kan ni. Gẹ̀ẹ́sì ní “make a mistake”, “do the work”, “take an exam”. Bí ọmọ bá kọ “mistake = àṣìṣe” sínú ìwé rẹ̀, ó ti kọ ìdajì. Á jáde lọ sọ “I did a mistake”. “Ní” náà ń ṣe wá bẹ́ẹ̀, nítorí “ní” kan ló wà níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní “in”, “on” àti “at”. Kí ẹ kọ “depend on” pa pọ̀, “interested in” pa pọ̀, “good at” pa pọ̀, bí ẹni ń kọ orúkọ ọmọ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀. A. S. Hornby, ará England tó ń kọ́ àwọn ọmọ Japan ní Gẹ̀ẹ́sì, mọ èyí. Ìwé atúmọ̀ èdè tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Japan ní 1942, Oxford sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1948. Òun ló di ìwé atúmọ̀ èdè Oxford tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò káàkiri. Bí ẹ bá ṣí irú ìwé yìí, ẹ má kàn wo ìtumọ̀ kí ẹ sì pa á dé. Ẹ wo C tàbí U tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ: C ṣe é kà, U kò ṣe é kà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ ka gbólóhùn àpẹẹrẹ rẹ̀ sókè.

Báwo ni ọ̀rọ̀ tí a kọ́ kò ṣe ní sá lọ kúrò lórí? Ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, fi ara rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí èyí, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1885. Ó rí i pé kété lẹ́yìn tí a kọ́ nǹkan tán ni ìgbàgbé ń yára jù, àti pé ẹni tó pín àtúnkọ́ sí ọjọ́ púpọ̀ ń jèrè ju ẹni tó rọ́ gbogbo rẹ̀ sí ọjọ́ kan. Ní 1972, Sebastian Leitner sọ ọ́ di àpótí. Onídìrí wa fi páálí ìpara irun ṣe tirẹ̀, ó gé páálí mìíràn fi dá a sí ìhò mẹ́ta. Ó gé ìwé wẹ́wẹ́. Iwájú ìwé kan ni ó kọ gbólóhùn tó ní àlàfo sí: “My success will depend ___ you.” Ẹ̀yìn rẹ̀ ni “on” wà pẹ̀lú gbólóhùn náà ní Yorùbá. Ìhò kìíní, ó ń wò ó lálaalẹ́. Ìhò kejì, lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta. Ìhò kẹta, lọ́jọ́ Àìkú. Èyí tó bá gbà á bọ́ sí ìhò tó kàn. Èyí tó bá kùnà á padà sí ìhò kìíní, ì báà ti dé ìhò kẹta. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ fa ìdáhùn náà yọ láti inú orí rẹ̀ kó tó yí ìwé padà. Ẹni tó kàn ń fojú wo ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀ léraléra á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀, inú ìwé kíkà ni ọ̀rọ̀ ti ń gbilẹ̀ jù. Paul Nation, onímọ̀ èdè ní New Zealand, fi hàn pé kí èèyàn tó lè dá ka ìwé kó sì yé e láìsí olùrànlọ́wọ́, ó yẹ kó mọ nǹkan bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ojú ewé tó bá ní ọ̀rọ̀ 250, márùn-ún péré ló yẹ kó ṣàjèjì. Bí ó bá ti di ogún, ìwé náà ti ju ẹni náà lọ, kó gbé e sílẹ̀ láìtijú, kó wá èyí tó rọrùn. Ọ̀nà mìíràn wà tó dára fún wa: ẹ gbọ́ ìròyìn ní Yorùbá lórí rédíò láàárọ̀, kí ẹ wá ka ìròyìn kan náà nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì lọ́sàn-án. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ẹ kò mọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ara rẹ̀.

Bí a bá wá dé orí àkàyé gan-an, ìyára ló ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ. Wọ́n á ka ìbéèrè, wọ́n á wá ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ nínú àyọkà, wọ́n á da gbogbo ìlà ibẹ̀ kọ. Mo fẹ́ kí ẹ ka gbogbo àyọkà lẹ́ẹ̀kan láì mú bírò dání. Lẹ́ẹ̀kejì, bí ìpínrọ̀ kan bá ti parí, ẹ fọwọ́ bò ó, kí ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ ní gbólóhùn Yorùbá kan. Ibi tí ẹ bá ti ń ta kókó, ibẹ̀ ni kò tíì yé yín, ẹ padà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá dáhùn, kí ìka yín sì wà lórí ìlà tí ẹ ti mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, inú lẹ máa sọ ọ́ sí, àmọ́ ẹni tó bá ti fi í ṣe ìṣe nílé á rí i pé kì í pẹ́.

WAEC máa ń ní kí ọmọ fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò èyí tó wà nínú àyọkà. Ìtumọ̀ nìkan kò tó níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tuntun náà gbọ́dọ̀ jókòó sí àga tí ti àkọ́kọ́ dìde kúrò lórí rẹ̀. Ẹ mú “begged” nínú ìtàn atukọ̀ wa. Ẹni tó kọ “plead” kùnà, torí ti àná ni “begged”. Ẹni tó kọ “pleaded” náà kùnà, nítorí kò sẹ́ni tó ń sọ “pleaded him”; “pleaded with” ni, tàbí “implored”. Ẹ dán an wò nínú gbólóhùn náà kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á tún béèrè orúkọ àti iṣẹ́ gírámà tí “who had refused to pay him that morning” ní. Àwọn ọmọ máa ń bẹ̀rù ìbéèrè yìí bí ẹni rí ejò, bẹ́ẹ̀ “tí” wa ni. “Àwọn oníṣòwò tí wọ́n kọ̀ láti sanwó”: ó ń sọ irú àwọn oníṣòwò tí a ń sọ, awẹ́ gbólóhùn aṣàpèjúwe ni, “traders” ló ń ṣàpèjúwe. Ẹni tó mọ “tí” ní Yorùbá ti mọ̀ ọ́n, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ló kù kó kọ́: “adjectival clause”.

Ìdánrawò kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, kò sì jẹ́ tuntun. Roger Ascham, ẹni tó kọ́ Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní níwèé, ṣàlàyé rẹ̀ nínú The Scholemaster, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1570 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nígbà yẹn, Látìn ni àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń jìyà láti kọ́. Ascham ní kí ọmọ yí Látìn sí Gẹ̀ẹ́sì, kó gbé ìwé Látìn kúrò níwájú rẹ̀ fún ó kéré tán wákàtí kan, kó wá yí Gẹ̀ẹ́sì tó kọ padà sí Látìn, kí olùkọ́ sì tẹ́ méjèèjì síra. Èdè ìyá wọn ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn. Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú nǹkan bí ọgọ́ta ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ yí i sí Yorùbá tó dùn ún gbọ́ lálẹ́ òní. Lọ́la, láì wo Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́, ẹ yí i padà. Kí ẹ wá fi bírò pupa wo ìyàtọ̀. “The” tó yẹ kó wà níbi “náà” ti fò lọ. “A” tó yẹ kó dúró fún “kan” kò sí. “S” kan ti jábọ́. Kò sí tíṣà tó lè fi àléébù yín hàn yín kedere tó bẹ́ẹ̀. Mo kà á sí ju àádọ́ta ìbéèrè A, B, C, D lọ, torí ẹni tó ń fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà ń yan nínú ohun tí ẹlòmíràn kọ, kò tíì kọ nǹkan kan. Fóònù lè bá yín yí gbogbo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró sí àpò títí ẹ ó fi parí iṣẹ́ tiyín.

Àwọn òbí kan máa ń wá bá mi pé ṣé Yorùbá tí mo ń jẹ́ kí wọ́n sọ nínú kíláàsì kò ní ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ àwọn jẹ́. Mo máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa fún wọn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, Ford Foundation sì fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́tọ̀, ó ní tíṣà tirẹ̀ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì tí wọ́n fi wé wọn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ Yorùbá ọlọ́dún mẹ́fà yìí ló ṣe dáadáa jù, Gẹ̀ẹ́sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ọmọ kan bá ń ka Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé yín lálẹ́ òní, ẹ lọ jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kódà bí ẹ̀yin fúnra yín kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ní kó ka ìpínrọ̀ kan, kó pa ìwé náà dé, kó sì sọ ohun tó kà fún yín ní Yorùbá.